Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Àwòrán Mi?

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹrin, 1996

Ẹnì kan ti fọwọ́ kan àwòrán mi.

Mo mọ bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ní Jímọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, àmì rẹ̀ kéékèèké, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Mo na ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ẹsẹ̀ bàtà. Láàárọ̀ yìí tí mo tan kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ti dúdú kirikiri. Ìlà ti di yẹ́lò, ó nípọn bí okùn, àmì kọ̀ọ̀kan tó ẹyọ ẹ̀wà. Nọ́ńbà kò sí mọ́. Ìsàlẹ̀ dúró ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Gbogbo apá ọ̀tún — ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an — ti lọ.

Kí n ṣàlàyé, kí n má baà ka ìwé yìí lọ́dún mẹ́wàá sí i kí n máa bi ara mi léèrè. Variogram ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Èmi ń pè é ní Òkè, nítorí ó máa ń gùn lọ sókè, á wá tẹ́jú. A ó mú kànga epo ní méjì-méjì, a ó wo bí iyanrìn abẹ́ wọn ṣe jọra tó. Àwọn tó sún mọ́ra máa ń jọra. Bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà síra (ìyẹn ni ìlà ìsàlẹ̀ ń wọ̀n), ìjọra náà á máa dín kù, Òkè á sì máa ga. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àmì ló ń sọ iye méjì-méjì tí a fi ya àmì náà. Tó bá pọ̀, a lè gbà á gbọ́. Àmì àkọ́kọ́ tèmi, méje péré ni. Ká rọra.

Àwa méjì péré la mọ password kọ̀ǹpútà yẹn. Èmi àti Olùkọ́.

Ìṣẹ́gun, 16

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Mo kọ aago sílẹ̀: 11:40. Mo lọ jẹun. Mo dé ní 12:30. Dúdú, yẹ́lò, ẹ̀wà.

Olùkọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Ọláwọlé. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ibí nìkan náà ni mo ti lè pè é ní "ó". Ó máa ń mú mi kàwé sókè bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Misturah, ka ìlà yẹn kí n gbọ́." "Misturah, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Láti oṣù Kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo ní master's.

Ṣùgbọ́n òun ló mú mi wọ ilé iṣẹ́ yìí. Òun ló bá mi wá apartment ní Katy. Ìyàwó rẹ̀ ló wá gbé mi ní airport, pẹ̀lú ìrẹsì nínú kúlà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde dúró níwájú rẹ̀ kí n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ń ba àwòrán mi jẹ́"? Ẹnu mi ò gbà á. Nítorí náà, mo ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 18

Èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ, èmi ni mo wà á bọ̀. Oṣù Kejì yẹn náà ló ní ká jọ máa lo mọ́tò kan, pé kí la fẹ́ fi mọ́tò méjì ṣe lórí freeway nígbà tó jẹ́ pé ibì kan náà là ń lọ. Ọ̀rọ̀ gidi. Mo rò pé a ó máa gbà á fún ara wa ni. Kò tíì gba stíárìn lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á jókòó, á dijú, á máa ka tẹ̀súbáà. Mo ti di dírẹ́bà.

Ọ̀nà I-10 dí pa lónìí, kò sí ìrìn. Mo rí àyè, mo sì fọgbọ́n bi í pé ṣé ó máa ń lo kọ̀ǹpútà yẹn tí mo bá lọ jẹun. Ó ní, "Mo máa ń wo nǹkan níbẹ̀ díẹ̀." Ló bá yí ọ̀rọ̀ sí Iléyá, pé Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Wo nǹkan. Nǹkan wo?

Jímọ̀, 19

Mo ti mọ nǹkan tó ń wò.

Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ pé apá àríwá oko epo yẹn ni ká gbẹ́ kànga tuntun sí. Ibẹ̀ jìnnà sí àwọn kànga àtijọ́. Tí Òkè bá ń rọra gùn, a jẹ́ pé iyanrìn kan náà ló nà dé ọ̀hún, òun ló jàre nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà lọ sápá ọ̀tún, àwọn àmì fò sókè lójijì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iyanrìn já lójú ọ̀nà. Ta ló wá gé apá ọ̀tún? Ta ló pa nọ́ńbà rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i pé méje péré ló wà lábẹ́ àmì àkọ́kọ́?

Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ni àwọn tí wọ́n jọ ni oko epo náà ń bọ̀ wá gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ wa. Orúkọ rẹ̀ àti tèmi ló máa wà níwájú ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ mi máa wà níwájú ohunkóhun ní ìlú yìí. Ilé iṣẹ́ yìí náà ló ń bá mi ṣe ìwé green card. Tí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tí wọn ò bá nǹkan kan, tí wọ́n wá rí i pé wọ́n ti gé àwòrán náà, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé? Kì í ṣe ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Àbámẹ́ta, 20

Mo fọ aṣọ. Mo ń ro ọ̀rọ̀ Olùkọ́ títí mo fi gbàgbé láti fi ọṣẹ sí i.

Ọjọ́ Ajé, 22

Helen ló ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Ará Beaumont ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, inú rẹ̀ sì dára. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé Olùkọ́ ń wá ní Àbámẹ́ta? Ìyàwó ló máa ń gbé e wá, tó tún máa ń wá gbé e. Ó ní orí bébà ẹ̀rọ ńlá yẹn ló ń tẹ gbogbo nǹkan sí, bébà tó fẹ̀ bí aṣọ ibùsùn. Àní ìwé ìpè sí ìpàdé tí kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Helen ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó fẹ́ fi ńlá-ńlá bo àwọn àlejò yẹn lójú ni. Kí wọ́n máa wo yẹ́lò, kí wọ́n má béèrè nọ́ńbà.

Ìṣẹ́gun, 23

Mo sọ ìlà di àwọ̀ eérú, kí n wò ó. Kò tó wákàtí kan, ó ti padà di yẹ́lò.

Nǹkan mìíràn. Cornelius, ọ̀gá wa, ẹni tí mo sọ ní Onísáspẹ́ndà nítorí pé kò sí àwọ̀ okùn ṣòkòtò tí kò ní, na ọwọ́ sí Olùkọ́ ní kọ́rídọ̀ láti kí i. Olùkọ́ kọjá lọ ṣáá. Kò gba ọwọ́ ọ̀gá. Irú ìgbéraga wo nìyẹn? Àbí ó ti dá a lójú pé kò sẹ́ni tó lè mú un?

Ọjọ́rú, 24

Mo dẹ pańpẹ́ fún un. Ó kó sí i.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó wá dúró sẹ́yìn àga mi pẹ̀lú bírò dúdú tó nípọn. Mo ti tún àwòrán ṣe bí mo ṣe fẹ́ ẹ, nọ́ńbà pé pérépéré. Ó ní, "Misturah, ka iye wọn sí mi létí, let me put it in the report."

Àmì àkọ́kọ́: 7. Ó wà lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò fara pa mọ́. Mo wojú ọ̀kánkán, mo ní, "Seventy-one."

Ó wo kọ̀ǹpútà. Mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀ nínú gíláàsì. Ó wò ó tó ìgbà tí èèyàn á ka ení dé àrún-ún. Ó wá kọ 71. Ó ní, "Good. Ìyẹn pọ̀ dáadáa." Ó ní kí n máa bá a lọ.

Ìyókù, bí wọ́n ṣe wà ni mo kà wọ́n. Ó rí méje, ó kọ mọ́kànléláàádọ́rin, kò sì wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ kò já mọ́ nǹkan kan lójú ọkùnrin yìí. Ọkùnrin tí mo ń kúnlẹ̀ kí.

Ọjọ́bọ̀, 25

71 ṣì wà níbẹ̀. Ó ti kó ìwé fún Helen láti tẹ̀.

Jímọ̀, 26

Mo kọ lẹ́tà sí Onísáspẹ́ndà. Ojú ìwé kan. Mo to gbogbo rẹ̀: apá ọ̀tún tí wọ́n gé, nọ́ńbà tí wọ́n pa rẹ́, méje tó di mọ́kànléláàádọ́rin. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Mi ò kọ ẹni tó pe 71. Mo kàn kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìròyìn. Mo fọwọ́ sí i, mo lẹ ẹnu àpò rẹ̀, mo gbé e sínú àtẹ orí tábìlì rẹ̀. Ìlú Tulsa ni Cornelius wà, Ajé ló ń bọ̀.

Nínú mọ́tò, Olùkọ́ ní kí n má wulẹ̀ dáná lọ́jọ́ Iléyá, kí n wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Mo ní ẹ ṣé, sà. Ó tún wá ní, "Tí ìròyìn yìí bá jáde, orúkọ ẹ ló yẹ kó ṣáájú. Iṣẹ́ ẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Màá sọ fún Cornelius."

Mo di stíárìn mú. Ó fẹ́ kí n ṣáájú kó lè jẹ́ pé èmi ni nǹkan á kọ́kọ́ wó lù. Ó dáa tí mo ti kọ lẹ́tà yẹn.

Àìkú, 28. Iléyá

A kírun tán, mo bá wọn lọ sílé. Mi ò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n tí mi ò bá lọ, wọ́n á béèrè.

Èmi àti Àǹtí Làdíátù, ìyàwó rẹ̀, là ń fọ àwo ní kíṣìnì. Wọ́n ṣàdédé di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọṣẹ. Wọ́n ní, "Misturah, Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ." Mo ní kí ni mo ṣe? Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀. The driving. The reading. Láti February tí dókítà ní Medical Center ti ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ má wa mọ́tò mọ́, mi ò lè sùn dáadáa. Glaucoma yìí náà ló pa ojú bàbá wọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ní office, they will retire him. Mo ní, báwo lẹ ṣe fẹ́ máa ṣiṣẹ́? Wọ́n ní, 'Misturah ń kà á fún mi. Tí Misturah bá ti kà á, mo ti rí i nìyẹn.'"

Àǹtí rò pé mo mọ̀. Mo mi orí bí ẹni tó mọ̀. Àwo kan náà ni mo ń nù títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi.

Àmì tó tó ẹ̀wà. Yẹ́lò lórí dúdú. Nọ́ńbà tí wọ́n pa rẹ́ nítorí pé ìdọ̀tí lásán ni lójú wọn, ó ń da àmì rú. Bébà tó fẹ̀ bí aṣọ ibùsùn. Ọwọ́ Cornelius tó wá láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọn ò ti rí nǹkan mọ́. Àti 71.

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara wọn bu ẹran sínú àwo mi.

Ọjọ́ Ajé, 29

Mo sáré wọ yàrá Onísáspẹ́ndà láti mú lẹ́tà mi padà. Àtẹ ṣófo. Helen ní ó ti dé láti àná, ó sì ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ kà nílé.

Ìṣẹ́gun, 30

Wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n ní aago mẹ́wàá. Ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n fi ìka kan tọ ara ògiri títí wọ́n fi dé ìjókòó wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ìka yẹn lára ògiri. Fáàrí ni mo ń pè é.

Nínú mọ́tò ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan kọ̀wé nípa àwọn. Wọn ò bi mí pé ta ni. Wọ́n ní, "Cornelius béèrè seventy-one yẹn. Mo ní ọwọ́ mi ló kọ ọ́, àṣìṣe mi ni. Mi ò dárúkọ ẹ. O ṣì í kà ni, it happens. Ìwé green card ẹ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn lawyer, kí ló dé tí màá fi tì ẹ́ sínú ẹ̀?" Cornelius ti yọ orúkọ wọn kúrò níwájú ìròyìn. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀.

Mo wa ọkọ̀ kọjá ibi tó yẹ ká yà. Wọn ò mọ̀.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Karùn-ún

Ìwé tuntun jáde. Orúkọ mi nìkan ló wà níwájú. Helen gbá mi mọ́ra, ó ní ó yẹ kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Mo ro ó títí. Tí mo bá lọ sọ fún Cornelius pé èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ pe 71, á bi mí pé ṣebí méje wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ló ṣe tí ọkùnrin yẹn ò rí i? Mi ò ní ìdáhùn tí kò ní tú àṣírí ojú wọn. Nítorí náà mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n, nínú mọ́tò, lẹ́yìn tí a kọjá Highway 6.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣì í kà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo fẹ́ dán yín wò. Èmi ni mo sì kọ lẹ́tà."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá ní, "Apá ọ̀tún yẹn, kí ló wà níbẹ̀ gan-an?" Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Cornelius ti sọ pé wọ́n gé nǹkan ni wọ́n ti fẹ́ béèrè.

Mo ní àwọn àmì fò sókè. Iyanrìn já.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà."

"A jẹ́ pé àríwá ò dáa nìyẹn." Wọ́n rọra sọ ọ́. "Mo gé ibẹ̀ kí n lè fẹ èyí tí mo lè rí. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún ojú ẹ. Mo ní tí nǹkan bá wà níbẹ̀, Misturah á sọ fún mi."

Mo ní mo rò pé wọ́n ti rí i ni. Wọ́n ní hẹn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n wọlé. Mo sunkún nínú mọ́tò níwájú ilé wọn, mi ò lè wà á kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 2

Mo fun fèrè láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Àǹtí Làdíátù ló jáde, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn á gbé Ẹ̀gbọ́n lọ. Wọ́n dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn. Wọn ò ní kí n wọlé.

Kí n tó dé, Ẹ̀gbọ́n ti wọ ọ̀dọ̀ Cornelius, wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ojú wọn. Èmi náà wọlé, mo sọ tèmi. Onísáspẹ́ndà fa okùn pupa rẹ̀ síwájú, kò tètè jù ú sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti sún ìpàdé síwájú. Ó ní ọ̀rọ̀ tèmi, òun á ro ó. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo mọ bó ṣe ń rí tí èèyàn bá ń ro ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Jímọ̀, 3

Mo dá nìkan wa ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ìwé mìíràn jáde. Orúkọ méjì, ti Ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú. Àríwá ti kúrò nínú ìmọ̀ràn wa. Wọn ò ní lé Ẹ̀gbọ́n, kò tíì yá. Helen ni Cornelius ní kó máa jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án, kó máa bá wọn kà á. Ó ní èmi kọ́.

Mo ṣe ètò àwòrán méjì sínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan, tèmi. Èkejì, mo fi orúkọ wọn pè é: dúdú, yẹ́lò, ẹ̀wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, mo sì sọ nọ́ńbà ibẹ̀ di gàdàgbà-gadagba. Mo lọ fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ojú sún mọ́ gíláàsì, ó pẹ́. Wọ́n ní, "O ṣeun, Misturah." Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Ní aago méjì mo gbọ́ ohùn Helen láti ẹ̀yìn pákó tó wà láàárín wa. Ó ń ka nọ́ńbà sókè. Àmì àkọ́kọ́, seven.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Seven. Please read that again for me, Helen."

Ó tún un kà. Èkejì, wọ́n ní kó tún un kà. Ẹ̀kẹta náà. Mo jókòó, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mejì dé ìparí. Láti oṣù Kejì tí mo ti ń kàwé fún wọn, wọn ò ní kí n tún nọ́ńbà kan kà rí.